Iléèwé ìjọba ti wọlé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó: ta ló ń san owó tí ìjọba ò san?

Àbẹ̀ní Òkè-Àró

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ iléèwé o, ẹ̀yin òbí. Oṣù kẹsàn-án ti wọlé, àwọn ọmọ ti padà sí kíláàsì, ọ̀rọ̀ kan sì wà tó yẹ ká gbé síta báyìí tí sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni àwọn ọmọ mi ń lọ ní Àkúrẹ́ níbí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ káàkiri, ọ̀gá iléèwé náà sì ń sa gbogbo agbára rẹ̀. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí girama kékeré, ó sì di dandan fún gbogbo ọmọ. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò gba owó iléèwé lọ́wọ́ mi rí. Àmọ́ níbi ìpàdé PTA tó kọjá, wọ́n ka ohun tá a máa dáwó fún sí wa létí: ṣọ́ọ̀kì, ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ ọmọ, ìgbálẹ̀, ọṣẹ àti Izal fún ilé ìyàgbẹ́, owó ọdẹ tó ń ṣọ́ ọgbà lóru, kíkan bẹ́ńṣì tó ti fọ́, títẹ ìbéèrè ìdánwò, àti owó-oṣù àwọn tíṣà tí PTA fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́ nígbà tí àwọn ti ìjọba fẹ̀yìn tì tí ẹnikẹ́ni ò rọ́pò wọn.

Mi ò bá PTA jà. Bí PTA bá káwọ́ gbera, iléèwé á fẹ́rẹ̀ẹ́ tì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, bí ìjọba bá ń san owó-oṣù tíṣà, tó sì ń kọ́ ilé nígbà tó bá rówó kọ́ ọ, ta ló yẹ kó máa gbé owó tí iléèwé ń ná lójoojúmọ́ kalẹ̀? Mo ti béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kó mọ̀, ẹnu wọn ò kò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀dí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lóye. Ẹni tó bá sì ń sanwó bíi tèmi, kó sọ ohun tó ń sanwó fún.

Tíṣà Ìdànrè

Mo kí yín mà. Tíṣà ni mí, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀, ẹ tiẹ̀ ṣẹ́ ọ̀kan kù: owó ọkọ̀. Bí ọ̀gá iléèwé bá ń lọ sípàdé, tó ń lọ gbé ìwé, tó ń lọ fi àkọsílẹ̀ orúkọ ọmọ jíṣẹ́, àpò ara rẹ̀ ló ti ń yọ ọ́.

Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà tún já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn òbí tí ọmọ wọn wà níléèwé aládàáni ń kó wọn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. A ò lè lé wọn, ọmọ wa ni wọ́n. Bẹ́ńṣì tó yẹ kí ọmọ mẹ́ta jókòó lé, ẹ óò bá mẹ́fà lórí ẹ̀, àwọn tó bá sì pẹ́ dé á máa fi itan kọ̀wé. Bí mo bá ní kí n yẹ ìwé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ á ti lọ. Ìṣirò ni mo fẹ́ràn láti kọ́ wọn jù, ìṣirò gan-an ló sì ń jìyà jù, torí ó ń fẹ́ kí tíṣà rí ibi tí ọmọ ti ṣì í, kó sì tọ́ ọ sọ́nà lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí mi ò bá rí i tó ṣe àṣìṣe lónìí, àṣìṣe yẹn náà ló máa gbé dé kíláàsì kẹfà.

Ní ti owó-oṣù, a dúpẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ owó-oṣù tó kéré jù di ₦70,000 lọ́dún 2024, ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ tiwa di ₦73,000. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ti sáré ṣíwájú rẹ̀ kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, inú ẹ̀ náà la sì ti ń ra ṣọ́ọ̀kì.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba

Ẹ̀yin ará, ọmọ mi àgbà ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ata ni mo ń tà. Ní sáà tó kọjá, wọ́n dá ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi padà sílé nítorí owó PTA. Owó tó wà lọ́wọ́ mi tó ti ẹnì kan, mo sì ti san án fún Táyé. Kẹ́hìndé wá jókòó tì mí nídìí ata títí wọ́n fi jáde iléèwé, ó ń bi mí pé kí lòun ṣe. Mi ò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ṣé ọ̀fẹ́ tí ẹ̀ ń sọ yìí fàyè gba kí wọ́n lé ọmọ?

Bàbá Akáǹtì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Òfin ò fàyè gbà á rárá. PTA lè bẹ òbí pé kó ṣèrànwọ́, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọmọ dógò. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, ẹ ní kó fi ìdí tí wọ́n fi dá ọmọ padà sínú ìwé kó sì buwọ́ lù ú. Ẹ óò rí i pé ọmọ á wọlé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ka ìṣirò owó ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀nà tí owó ń gbà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sára ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ṣe. Owó ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún tá a ní, tó ń ti Àbújá wá lóṣooṣù, inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní ló máa ń bọ́ sí. Kí alága tó rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ti yọ owó-oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àti ti àwọn ọba. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n á fi san òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n á fi ro ọ̀nà, tí wọ́n á fi gbálẹ̀ ọjà. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yọ owó tíṣà tán, òdo ló kù. “Zero allocation” la ń pè é nígbà náà, òṣìṣẹ́ á sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá a tààrà. Inú mi dùn sí ìdájọ́ náà. Síbẹ̀ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹni tí owó bá dé ọwọ́ rẹ̀, òun náà ni ẹrù tíṣà yóò wà lọ́rùn rẹ̀. Owó tó ń wọlé ti pọ̀ sí i látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ṣùgbọ́n owó-oṣù náà ti ga, nǹkan sì ti wọ́n. Ṣọ́ọ̀kì, ọdẹ àti ọṣẹ kò sí nínú ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ. Ibi tó ti ń bọ́ nìyẹn.

Ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ UBEC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Òfin 2004 yẹn kan náà ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó owó tirẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ ò bá rí tirẹ̀ kó kalẹ̀, ti Àbújá á jókòó síbẹ̀. Bó bá sì dé pàápàá, ilé kíkọ́, àga, ìwé kíkà àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà ló wà fún. Wọn ò gbọdọ̀ fi san owó-oṣù, wọn ò gbọdọ̀ fi san ọdẹ. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè rí kíláàsì tuntun tí ọ̀dà ẹ̀ ń dán, kí ọmọ inú ẹ̀ sì máa mú owó ìgbálẹ̀ wá látilé.

Àbẹ̀ní Òkè-Àró

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjọ́ tí mo ti ń béèrè, ẹnì kan ò ṣàlàyé ẹ̀ fún mi báyìí rí.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ má jẹ́ kó rò pé òun ló ṣẹ̀.

Ọmọ Ekìmọ̀gún

Láti ìlú Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé. Àgbẹ̀ kòkó ló pọ̀ nínú òbí tiwa, ẹ sì mọ bí kòkó ṣe rí. Lọ́dún 2024, owó kòkó fò sókè dé ibi tí kò dé rí, ó kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé. Lọ́dún yẹn, bí PTA bá ti dárúkọ owó, òbí á ti san án kí ìpàdé tó tú, àwọn kan tiẹ̀ ra síméǹtì kún un. PTA wá fi ojú owó yẹn gba tíṣà. Nígbà tó di ọdún 2025 tí owó kòkó já wálẹ̀, òbí ò rí i san mọ́, tíṣà PTA wá ń ṣiṣẹ́ láìgbowó. Ọmọge kan tó dáńgájíá, tó gboyè nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Adéyẹmí nílùú Oǹdó níbí, fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín sáà, ó lọ ń ta káàdì àti dátà. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì kejì tó ń kọ́ ní ìwé kíkà ló pàdánù.

Ohun tí mò ń sọ ni pé owó tí iléèwé fi ń ṣiṣẹ́ ò yẹ kó máa gòkè kó máa sọ̀ pẹ̀lú owó kòkó. Ọmọ ò lè dúró de ìkórè kó tó mọ̀wé.

Láńre FUTA

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, ní kí ìjọba máa fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná sórí ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba àpapọ̀ wo ló ń ṣe é? Bí wọ́n bá ṣe é, gbogbo ọ̀rọ̀ yìí á tán nílẹ̀.

Olùkàwé Alágbàka

Àbúrò, iye tí gbogbo wa ń pè kiri nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe ohun tí UNESCO sọ. Níbi àpérò àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní Incheon, ní Kòríà, lọ́dún 2015, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba ń ná. Mo ń sọ èyí torí pé bá a bá gbé 26 lọ síwájú aṣòfin, ẹni tó mọ̀ á fi lé wa padà lójú ẹsẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó ju ìyẹn lọ. Owó tí wọ́n kọ sínú ètò ìṣúná ọ̀tọ̀, owó tó jáde ọ̀tọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ti ń gbé àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná owó ìṣúná sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kó wo ìlà iléèwé níbẹ̀, kó wo iye tí wọ́n kọ, kó wo iye tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá Àgbà Ọ̀wọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Èmi wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ iléèwé ọ̀fẹ́ nígbà tí Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù kìíní ọdún 1955. Ọmọ 456,600 ló wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà lọ́dún 1954. Nígbà tí ọ̀fẹ́ dé, wọ́n di 811,432 lọ́dún kan ṣoṣo. Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀ níbí, ló kọ ìwé ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé ètò náà lé. Òun náà ló wá di gómìnà Oǹdó lọ́dún 1979 tó tún sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kí ọdún 1955 tó dé, wọ́n ti bu owó lé àwọn tó ń san owó-orí, ṣílè mẹ́wàá àbọ̀, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn bàbá wa bínú gidigidi. Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, tìtorí ẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 ní Ìwọ̀-Oòrùn níbí, ẹgbẹ́ alátakò wọn, NCNC, ló borí. Síbẹ̀ wọn ò yí padà. Wọ́n sọ fún aráàlú pé owó yìí la máa gbà, nǹkan yìí la máa fi ṣe, aráàlú sì fojú ara wọn rí iléèwé tó ń dìde ní abúlé wọn. Àwọn bàbá mi pàápàá ru yẹ̀pẹ̀, wọ́n gbé igi, wọ́n jọ fi ọwọ́ ara wọn mọ ògiri.

Mi ò sọ pé kí wọ́n tún bu owó lé yín o. Mò ń sọ pé ìjọba ìgbà yẹn jókòó ro iye tí ọ̀fẹ́ máa ná wọn, wọ́n sì sọ ibi tí owó náà máa ti wá lójú gbogbo ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pa wọ́n lára. Lóde òní, wọ́n á kéde ọ̀fẹ́, owó ṣọ́ọ̀kì á wá di ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ láàárín PTA àti ìyá aláta. Ó ń dùn mí.

Ìyá Nọ́sìrì Ìjàpọ̀

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, kẹ́ ẹ má ṣe bínú sí mi. Iléèwé aládàáni kékeré ni mò ń darí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níléèwé ìjọba ń dá owó ní sáà kọ̀ọ̀kan, owó tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Kí ló dé tí ìjọba ò kúkú ní kí òbí kọ̀ọ̀kan san owó kékeré kan, kó jẹ́ iye kan náà káàkiri, kí rìsíìtì wà, kí gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tí wọ́n fi ṣe? Owó tó ní rìsíìtì sàn ju owó tí wọ́n ń gbà ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ Ekìmọ̀gún

Màmá, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ rìsíìtì yẹn sì dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ti di owó iléèwé, Kẹ́hìndé ò ní jókòó sí kíláàsì mọ́ nìyẹn, kò sì ní sí òfin tí ìyá rẹ̀ máa dì mú. Òfin ọ̀fẹ́ yẹn nìkan ló ṣẹ́kù tí tálákà lè tọ́ka sí. Ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa já a.

Tíṣà Ìdànrè

Mo fara mọ́ ọn. Mo ti rí i lójú mi. Àwọn ọmọ tí owó máa ń lé kúrò ní kíláàsì, àwọn náà ni wọ́n máa ń fi ṣe alágbàṣe lóko. Ọmọ tó bá ti rí owó gbà lọ́jọ́ kan, dídá a padà sórí bẹ́ńṣì le gan-an.

Ẹ jẹ́ n fi ohun kan kún un lórí tíṣà. Kì í ṣe pé a ò tó nìkan, a ò pín dáadáa pẹ̀lú. Gbogbo ẹni tó bá lẹ́nikàn lókè ló ń fẹ́ wà láàárín Àkúrẹ́. Ẹ lọ sí abúlé ẹ̀yìn Ìdànrè, ẹ óò rí tíṣà kan ṣoṣo tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pọ̀ nínú yàrá kan, tó bá kọ bọ́ọ̀dù apá kan fún kíláàsì kìíní, á yíjú sí ìkejì. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Alẹ́ ni mo máa ń mọ̀ pé mi ò tíì jẹun. Bí wọ́n bá máa gba tíṣà tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ kà wá, kí wọ́n mọ ibi tá a pọ̀ sí, kí wọ́n sì fi owó díẹ̀ kún ti ẹni tó bá gbà láti gbé lóko.

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ará òkè, ẹ rántí wa létí òkun. Lọ́dọ̀ wa ní apá Ayétòrò, òkun ti gbé ilé, ó ti gbé ọ̀nà, ó ti gbé iléèwé. Ọkọ̀ ojú omi ni ọmọ ń wọ̀ lọ sí kíláàsì, owó epo ẹ́ńjìnnì ti ga débi pé ìyá á ní kí ọmọ jókòó sílé lọ́jọ́ kan kó lè lọ lọ́jọ́ kejì. Nínú omi tiwa ni epo rọ̀bì tó sọ Oǹdó di ìpínlẹ̀ tó ń gba ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo, èyí tí wọ́n ń fún ìpínlẹ̀ tó ní epo, ti wá. Òfin ní kí ìdá 40 nínú owó yẹn lọ sọ́dọ̀ OSOPADEC, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ibi tí epo ti ń wá, fún agbègbè wa. Bí ẹ bá ń kọ ìwé sí ìjọba, ẹ bá wa fi kún un pé iléèwé orí omi ò lè jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ti orí ilẹ̀. Páànù àti igi wa kì í pẹ́ rárá kí iyọ̀ òkun tó jẹ ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde Oyèmẹ́kùn

Ọ̀rọ̀ tèmi kúrú. Àwa tá a jáde nílé ẹ̀kọ́ girama ńlá, ìyẹn Oyèmẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1953, Aquinas, Fiwasaye, tàbí Ondo Boys' High School tó ti wà láti ọdún 1919, a máa ń kóra jọ, a máa ń kọ́ gbọ̀ngàn, a máa ń ra kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ wa ń ṣe é títí dòní. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ bí òrùlé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti kọ́ “a, b, d” ṣe rí lónìí? Mo lọ wo tèmi lóṣù tó kọjá. Igi òrùlé tí mo máa ń wò nígbà tí tíṣà bá ń sọ̀rọ̀, òun náà ló ṣì wà níbẹ̀, ó ti tẹ̀.

Mo ti bá àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì kẹfà sọ̀rọ̀. A máa ṣe òrùlé yẹn. Àmọ́ òrùlé la lè ṣe o. A ò lè máa san owó ọdẹ lóṣooṣù títí ayé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e lé wa lórí.

Láńre FUTA

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá tí Gómìnà Mímikò kọ́ ńkọ́, Caring Heart Mega School? Ṣé àwọn yẹn náà ń jìyà ṣọ́ọ̀kì?

Bàbá Akáǹtì

Láńre, ìbéèrè rere ni. Iṣẹ́ tó dára ni, mo rí bí ọmọ tálákà ṣe ń fi iléèwé yẹn yangàn, tó sì ń wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni owó ìtọ́jú rẹ̀ ṣe máa ń tóbi. Omi ẹ̀rọ ń fẹ́ iná, ilé ìyàgbẹ́ inú ilé ń fẹ́ omi, bọ́ọ̀sì ń fẹ́ táyà. Ìjọba tó kọ́ ọ lè fi orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló ní láti máa wá owó omi, kò sì sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ra páìpù. Ohun tó fà á tí mo fi ń tẹnu mọ́ owó ojoojúmọ́ yìí nìyẹn, torí ẹnikẹ́ni kì í ṣí i pẹ̀lú ríbọ́nì.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ padà wá síbí. Ọdún owó ìjọba bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní, ó parí lóṣù kejìlá. Ọdún iléèwé bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Nígbà tí sáà kìíní bá wọlé, tí iléèwé ń fẹ́ owó jù, oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú ọdún owó là ń wọ̀ lọ, ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lọ́dọọdún ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè rí owó gbà fún sáà yìí lọ́wọ́ ìjọba mọ́, ẹ má tan ara yín.

Ṣùgbọ́n àkókò yìí kan náà ni àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń kó ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀ jọ, kí gómìnà tó gbé ètò ìṣúná lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí wọ́n bá buwọ́ lù ú, ó di ọdún mìíràn. Ẹ béèrè pé kí owó iléèwé ojoojúmọ́ ní ìlà tirẹ̀, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ lórí iye ọmọ tó wà níléèwé kọ̀ọ̀kan, kó sì máa jáde ní sáà mẹ́ta. Kì í ṣe owó ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó-oṣù. Mo ti jókòó nídìí irú ìwé yẹn rí, mo mọ ohun tí mò ń sọ: ohun tí kò bá ní ìlà tirẹ̀, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé.

Ìyá Nọ́sìrì Ìjàpọ̀

Bàbá, ó yé mi wàyí. Kí ni wọ́n máa fi mọ iye tí iléèwé kan nílò? Bí a bá kàn lọ pariwo, wọ́n á ní ká lọ mú àkọsílẹ̀ wá.

Àbẹ̀ní Òkè-Àró

Màmá, ohun tí mo ń rò gan-an nìyẹn. Àwa òbí la ní àkọsílẹ̀ yẹn, a kàn ò tíì kó o jọ ni. Gbogbo ohun tá a san lọ́wọ́ PTA lọ́dún tó kọjá, òun gan-an ni owó tí iléèwé nílò tí ìjọba ò san. Bí a bá kó o jọ láti iléèwé púpọ̀, kì í ṣe ariwo mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé. Màá ṣe fọ́ọ̀mù olójú ewé kan: iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, iye tíṣà ìjọba, iye tíṣà PTA, ohun tí òbí dáwó fún ní sáà kọ̀ọ̀kan àti iye tó jẹ́. A ò ní kọ orúkọ òbí, a ò ní kọ orúkọ tíṣà, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi jẹ wọ́n níyà. Olùkàwé Alágbàka, bí ẹ bá lè bá wa yọ ìlà iléèwé nínú àkọsílẹ̀ owó tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bàbá Akáǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó kó tó jáde. A ó mú un lọ bá àwọn aṣòfin wa àti àwọn kánsẹ́lọ̀ kí oṣù kọkànlá tó wọlé.

Nǹkan kejì kan àwa fúnra wa. Bí a ó bá ní kí ìjọba fi ìwé owó hàn, ó yẹ kí ti PTA wà lára ògiri náà. Màá sọ ọ́ nípàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Màá tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé wọn ò ní dá ọmọ kankan padà sílé torí owó mọ́. Ẹ bá mi sọ ọ́ níléèwé tiyín náà.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Èmi á dìde sọ ọ́ níléèwé tiwa. Àwọn ìyá tá a jọ wà lọ́jà pọ̀ tí ọmọ wọn wà níbẹ̀, màá kó wọn lẹ́yìn.

Bàbá Akáǹtì

Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹ ya iléèwé ìlú, iléèwé oko àti ti orí omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìlàjẹ má bàa sọnù nínú àròpọ̀.

Olùkàwé Alágbàka

Màá yọ ti ọdún tó kọjá àti ti oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Ẹ fún mi di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àbẹ̀ní Òkè-Àró

A dúpẹ́, sà. Fọ́ọ̀mù á dé orí òpó yìí lálẹ́ ọ̀la. Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìdànrè àti Ìlàjẹ ti lẹ́ni. Ta ló wà ní Ìkàrẹ́, Òkìtìpupa, Ọrẹ̀ tàbí Ilé-Olújì tó lè bá wa gbà á ká iléèwé méjì péré?

Ọmọ Òkìtìpupa

Mo wà ní Òkìtìpupa. Mo lè dé iléèwé mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ akọ̀wé PTA ní ọ̀kan nínú wọn.

Tíṣà Ìdànrè

Ìyàwó àbúrò mi ń kọ́ni ní Ilé-Olújì. Màá pè é ní báyìí.